Orúkọ Ta Ni Ó Wà Lára Aṣọ?

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, bí àlejò bá bèèrè iṣẹ́ yín lọ́wọ́ ọkọ yín, èsì wo ni ó máa ń fún un? Ọ̀pọ̀ ọkọ, àní àwọn tí ó fẹ́ràn aya wọn dénúdénú, ni yóò wí pé, "Kò tíì ríṣẹ́, ilé ni ó wà." Bẹ́ẹ̀ obìnrin náà ti jí kí àkùkọ tó kọ; ó ti pọnmi, ó ti gbálẹ̀, ó ti dáná, ó ti wẹ ọmọ méjì, ó sì ti pọn ẹ̀kẹta. Bí a kò bá ka iṣẹ́ ènìyàn sí iṣẹ́, kì í pẹ́ tí òun náà yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í fojú tín-ín-rín ara rẹ̀.

Ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Axel Honneth, kọ ìwé lórí irú ọ̀rọ̀ yìí ní 1992. Ohun mẹ́ta ni ó ní ènìyàn ń fẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn: ìfẹ́, ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin, àti iyì fún ohun tí ó ń ṣe láwùjọ. Nítorí náà, ọkọ tí ó fẹ́ràn aya tí kò bu iyì fún iṣẹ́ rẹ̀ ṣì jẹ gbèsè. (Èmi ni mo fi ti gbèsè kún un o.)

Ẹ wo Òṣogbo, ìlú aró. Àwọn ìyá wa ni ó ń gún ewé èlú, tí wọ́n ń sẹ́ omi eérú, tí wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ tọ ẹ̀kọ láfún sára aṣọ funfun kí wọ́n tó rì í sínú ìkòkò aró. Tọmọdé tàgbà ni ó mọ orúkọ adìrẹ, Olókun tàbí Ìbàdàndùn; ta ni ó mọ orúkọ ìyá tí ó ṣe é? Nígbà tí òkìkí àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo kàn dé òkè òkun lẹ́yìn 1962, orúkọ ọkùnrin ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Níkẹ̀ẹ́ Òkúndáyé, tí a bí ní Ògìdì ní 1951, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó Twins Seven-Seven, gbajúmọ̀ ayàwòrán. Aró àti adìrẹ ni ó fi sọ ara rẹ̀ di ẹni tí ayé mọ̀. Ní 1983 ó dá ilé ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo, kò sì gbowó lọ́wọ́ àwọn tí ó wá kọ́ṣẹ́. Ní 2006 ìjọba Ítálì dá a lọ́lá, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ tí ó kọ́ àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí ó ń ṣe aṣẹ́wó níbẹ̀.

Àwọn Ìjẹ̀ṣà pàápàá mọ̀ bí a ti í sọ orúkọ ẹ̀gàn di oyè. Àwọn oníṣòwò wọn a máa ta aṣọ láwìn káàkiri. Bí onígbèsè kò bá san, wọn a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí owó yóò fi jáde. Ayé fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń pè wọ́n ní Òṣómàáló. Lónìí, wọ́n ń fi orúkọ náà yangàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí baba lóṣòó sí ìlú onílùú, ta ni ó ń bọ́ àwọn ọmọ ní Iléṣà? A kò fún un lórúkọ kankan.

Ní orílẹ̀-èdè Iceland, ní ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá 1975, bí obìnrin mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni ó pa iṣẹ́ tì, ti ilé àti ti ọ́fíìsì. Àwọn baba kó ọmọ lọ síbi iṣẹ́. Ní ọdún kejì, ilé aṣòfin ṣe òfin pé kí takọtabo dọ́gba. Ní 2013, àwọn olùṣírò iṣẹ́ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pàdé ní Geneva, wọ́n sì fẹnu kò pé dídáná àti títọ́mọ nínú ilé, iṣẹ́ ni, bí a kò tilẹ̀ sanwó rẹ̀.

Èmi kò ní kí ẹ dáṣẹ́ sílẹ̀ o. Ọmọ tí ebi ń pa kò mọ Iceland. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń pa adìrẹ tà, ẹ kọ orúkọ yín sí etí aṣọ náà. Bí wọ́n bá sì fún yín ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọmọ nílé ẹ̀kọ́, ẹ má ṣe fa ìlà sí àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìyá. Ẹ kọ aláró, ẹ kọ aránṣọ, ẹ kọ olùtọ́jú ilé, kí baba ọmọ sì kà á kí ó tó fọwọ́ sí i.