Ta Ló Gbin Ẹ̀gúsí, Ta Ló Ń Kórè Rẹ̀?

Ní àwọn ilé ìwòran bọ́ọ̀lù Igbó-Ọrà àti Èrúwà, àwọn ọ̀dọ́ wa mọ ìtàn Gareth Southgate bí ẹni mowó. Òun ló pàdánù pẹnáritì tó lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò nínú ìdíje Yúróòpù 1996. Síbẹ̀, ní 2016, wọ́n fi ikọ̀ wọn lé e lọ́wọ́. Ó pàdánù àṣekágbá Yúróòpù ní 2021, wọn kò lé e. Ó tún pàdánù òmíràn ní 2024. Òun fúnra rẹ̀ ló fipò sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ilé tiwa. Stephen Keshi ni balógun ikọ̀ tó gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní 1994. Ní 2013, ó tún gbà á fún wa gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Kí ni èrè rẹ̀? Lọ́jọ́ kejì ìṣẹ́gun náà ló kéde pé òun ti fipò sílẹ̀, kí wọ́n tó pẹ̀tù sí i nínú. Lọ́dún yẹn kan náà, àjọ bọ́ọ̀lù wa jẹ ẹ́ ní owó oṣù.

Ti Shaibu Amodu tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó mú wa yege fún ìdíje àgbáyé 2002 àti ti 2010. Nígbà méjèèjì, wọ́n yọ ọ́ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, ẹlòmíràn sì jókòó sórí àga rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní àṣeyọrí rẹ̀ kò tó. Irọ́ ni! Ipò kẹta ni Amodu gbà nínú ìdíje Áfíríkà ní 2002 àti 2010, wọ́n lé e. Ipò kẹta náà ni Gernot Rohr, ará Jámánì, gbà ní 2019, wọ́n dá a sí. Rohr lo ju ọdún 5 lọ. Finidi George, ọmọ wa, kò lo oṣù 2 ní 2024.

Àgbẹ̀ Ìbàràpá wo ló ń ro oko ẹ̀gúsí, tí wọ́n ń lé kúrò lóko lọ́jọ́ ìkórè? Onígbá ló ń pe igbá rẹ̀ ní pàǹkàrà, kí ayé tó bá a fi kólẹ̀.

Ohun tí a ń béèrè kò le: ẹ san owó oṣù lásìkò, ẹni tó bá mú wa yege, ẹ jẹ́ kó kó ikọ̀ náà lọ. Ní oṣù kẹfà 2016, Keshi kú. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, Amodu tẹ̀lé e. Ìyìn rọ̀ bí òjò. Ìyìn ẹ̀yìn ikú kì í san gbèsè.