Irin Pípọ̀ Kọ́ Ni Rélùwéè

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó. Òwe yìí bá àríyànjiyàn kan mu tí ó ti wà láti ọjọ́ pípẹ́ láàrin àwọn tí ń ṣe rélùwéè orí tábìlì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà. Rélùwéè orí tábìlì ni èyí tí wọ́n fi ìwọ̀n kékeré ṣe ní àwòrán rélùwéè gidi: orí ọkọ̀ ń fa ọkọ̀ ẹrù, irin ń yà síhìn-ín, ó ń yà sọ́hùn-ún, téṣàn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n tó kan ìṣó kan ṣoṣo mọ́ pátákó, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya àwòrán bí irin yóò ṣe tò. Orí àwòrán yìí ni ìjà wà. Apá kan ní bí irin bá ṣe pọ̀ tó ni rélùwéè ṣe dára tó. Apá kejì ní iṣẹ́ tí irin ń ṣe ni kí wọ́n wò, kì í ṣe iye rẹ̀. Ohùn apá kìn-ín-ní ni ó máa ń dùn létí olùbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àṣìṣe ni, àṣìṣe náà kò sì mọ sórí tábìlì nìkan.

Kí ni rélùwéè wà fún ná? Kò sí ìjọba tí ń náwó lórí irin kí ọkọ̀ lè máa yí po lójú kan. Nígbà tí rélùwéè Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ìdí tí wọ́n fi là á kò fara sin: kí ẹrù oko lè dé etí òkun, kí ọjà òkèèrè sì lè wọ àárín ilẹ̀. Ẹ̀pà Kánò àti kòkó Ìbàdàn ní ibi tí wọ́n ti gbéra, wọ́n sì ní ibi tí wọ́n ń lọ. Ibi ìgbéra, ibi ìsọ̀, àti iṣẹ́ tí ó wà láàrin méjèèjì: nǹkan mẹ́ta yìí ni ẹ̀mí rélùwéè. Àwòrán ìtò-irin tí kò bá ní wọn, òkú ni, bí irin orí rẹ̀ tilẹ̀ gùn bí odò Ọ̀ṣun.

Ẹ wá wo pátákó tí àwọn olùbẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fẹ́ràn jù. Odindi pílíwúùdù kan ni, ẹsẹ̀ bàtà 4 ní ìbú, ẹsẹ̀ bàtà 8 ní gígùn, irú èyí tí àwọn káfíńtà ilẹ̀ wa náà ń rà lọ́jà. Ní òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní HO, níbi tí nǹkan orí tábìlì ti jẹ́ ìdá kan nínú 87 ti gidi, ínǹṣì 18 ni wọ́n sábà máa ń fi sílẹ̀ láti àárín òbìrìkìtì irin dé etí rẹ̀. Odindi òbìrìkìtì náà ti gba ínǹṣì 36 kí wọ́n tó fi àyè sílẹ̀ fún etí pátákó. Kí ni ó kù? Irin gígùn róbótó kan tí kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 20 lọ yíká. Máìlì kan ní òṣùwọ̀n HO sì lé díẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 60. Nítorí náà, ọkọ̀ tí ó yí pátákó náà po lẹ́ẹ̀kan kò tí ì rin ju ìdá mẹ́ta máìlì kan lọ, ibi tí ó ti gbéra náà ni ó sì tún padà sí, bí ajá tí ń lé ìrù ara rẹ̀.

Ìyẹn nìkan kọ́. Apá ènìyàn kì í nà ju nǹkan bí ínǹṣì 30 lọ pẹ̀lú ìrọ̀rùn, nítorí náà wọn kò lè ti pátákó oníbùú ẹsẹ̀ bàtà 4 mọ́ ògiri. Bí ọkọ̀ bá ṣubú ní ọ̀hún, ta ni yóò gbé e? Wọ́n ní láti fi ẹsẹ̀ bàtà 2 sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún rírìn. Báyìí ni pátákó 4 sí 8 ṣe di yàrá 8 sí 12: ẹsẹ̀ bàtà 96 níbùú-lóòró ni wọ́n fi ń tọ́jú 32. Ṣùgbọ́n bí káfíńtà bá la pílíwúùdù kan náà sí ọ̀nà mẹ́rin ní gígùn, tí ó sì tò wọ́n mọ́ ara ògiri, ẹsẹ̀ bàtà 32 ni ọkọ̀ yóò rí rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ju ìlàjì máìlì lọ. Igun yàrá nìkan ni yóò béèrè pátákó díẹ̀ sí i kí irin lè rí ibi tẹ̀ sí, àárín yàrá yóò sì ṣófo fún ibùsùn àti àga. Pákó kan náà, yàrá kan náà. Ìrònú ni kò dọ́gba.

Ẹ̀ṣẹ̀ kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òun ni ti àwọn tí ń rí àyè kan ṣófo lórí pátákó tí ọkàn wọn kò ní balẹ̀ àfi kí wọ́n fi irin dí i. Wọn kò rántí pé oríta irin, níbi tí irin kan ti pín sí méjì, kì í ṣe ohun ọ̀fẹ́. Ó ń jẹ gígùn. Ọkọ̀ kò sì lè dúró lórí rẹ̀ láìdí ọ̀nà. Bí oríta bá ṣe ń pọ̀ sí i lórí pátákó kékeré ni ẹ̀ka tí ọkọ̀ ẹrù lè dúró sí ń kúrú sí i, títí ẹ̀ka kan kò fi ní gbà ju ọkọ̀ ẹrù kan lọ, tí ibi tí ó yẹ kí ọkọ̀ méjì ti ya fún ara wọn kò sì ní gba ìdajì èyí tí ń bọ̀. Ó pọ̀ lójú, kò wúlò lọ́wọ́. John Armstrong, ọmọ Amẹ́ríkà tí ìwé rẹ̀ tí ó pè ní Track Planning for Realistic Operation jáde ní 1963, kọ́ àwọn ènìyàn pé ohun tí yàrá fi dandan lé ni wọ́n lọ́wọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, kí wọ́n tó kọ ohun tí ọkàn wọn ń fẹ́. Àwọn tí ń di irin mọ́ irin fi ẹ̀kọ́ yìí ṣe yẹ̀yẹ́: ìfẹ́ ọkàn ni wọ́n fi ṣáájú, ogun ni wọ́n sì ń bá yàrá jà.

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Alan Wright, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ètò irin kan tí ó pè ní Inglenook Sidings. Oríta irin 2 péré ni ó ní, ẹ̀ka rẹ̀ sì jẹ́ 3. Ẹ̀ka tí ó gùn jù gba ọkọ̀ ẹrù 5, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú méjì yòókù gba 3. Irin tí orí ọkọ̀ ń sá sẹ́yìn sí kò gbà ju orí ọkọ̀ náà àti ọkọ̀ ẹrù 3 lọ. Ọkọ̀ ẹrù 8 ni ó wà lórí gbogbo rẹ̀. Wọn yóò ṣẹ́ gègé mú 5 nínú wọn, pẹ̀lú ipò tí kálukú gbọ́dọ̀ wà, ẹni tí ń wakọ̀ yóò sì máa fà, yóò máa tì, títí wọn yóò fi tò bẹ́ẹ̀ lórí ẹ̀ka gígùn. Ọ̀nà tí ọkọ̀ 5 lè gbà tò nínú 8 jẹ́ 6,720. Bí ènìyàn bá ń to ọ̀kan lóòjọ́, yóò lé ní ọdún 18 kí ó tó tò wọ́n tán. Oríta 2 péré! Ta ni ó tún ní irin kò pọ̀ tó? Ihò 12 àti ọmọ 48 ni ọpọ́n ayò ní, síbẹ̀ kò sí ọ̀ta ayò tí ó bẹ àwọn àgbà pé kí wọ́n gbẹ́ ihò kún un kí eré lè dùn.

Inglenook nìkan kọ́ ni ẹlẹ́rìí. Ní 1957, Cyril Freezer, tí ó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn Railway Modeller, gbé àwòrán kan jáde tí ó sọ ní Minories, orúkọ òpópónà kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Téṣàn ìparí inú ìlú ńlá ni, èyí tí ó tò ní ọ̀nà tí ọkọ̀ fi lè wọ ibi ìdúró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí ó sì lè jáde nínú wọn, láìsí oríta tí kò níṣẹ́. John Allen ti ìlú Monterey ní Kalifóníà, tí òkìkí rẹ̀ kàn ju ti ọ̀pọ̀ lọ, tábìlì kékeré ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí rélùwéè rẹ̀ di ńlá, kò ju ti kékeré náà nù. Ó fi í sínú ńlá ni.

Òótọ́ kan wà tí kò yẹ kí wọ́n bò mọ́lẹ̀. Allen yìí kan náà ṣe eré kan tí ó ń jẹ́ Timesaver, tí ó jáde ní 1972, níbi tí àwọn olùdíje ti ń sáré bá aago pẹ̀lú oríta irin 5. Gẹ́gẹ́ bí eré, ó dára. Ṣùgbọ́n àwọn kan gbé e, wọ́n fi ṣe ìlú lórí pátákó wọn, wọ́n ní àwọn ti ní rélùwéè. Rárá o! Ilé-iṣẹ́ rélùwéè gidi ń to irin kí iṣẹ́ lè rọrùn fún òṣìṣẹ́ ni, kì í ṣe kí ó lè nira. Kíkéré nìkan kò tó. Iṣẹ́ tí ó ní ìdí ni kókó.

Àwọn alátakò yóò ní ọkọ̀ tí kò sáré kò dùn ún wò. Ẹni tí ó bá ní gbọ̀ngàn, kí ó jẹ́ kí tirẹ̀ sáré. Kò sí ẹni tí ń bá a jà. Ẹni tí kò ní ju ibi tí àpótí aṣọ ń gbé lọ tí ó sì ń fi agbára wá eré sísá ni ó ń tan ara rẹ̀ jẹ. Wọn yóò tún ní eré ọmọ olówó ni. Kí ni owó ń ṣe níbẹ̀? Ilé ìṣáná 8 tí wọ́n kun ní ọ̀dà oríṣiríṣi, irin tí wọ́n fi ẹfun fà sórí tábìlì, ìlànà Inglenook yóò sì ṣiṣẹ́ pérépéré láìsí orí ọkọ̀ kankan. Ìṣirò tí ó wà nínú rẹ̀ kò mọ̀ bóyá páálí ni wọ́n fi ṣe é tàbí idẹ.

Wọn yóò ní nǹkan òyìnbó ni. Ẹ gbọ́ èyí: ínǹṣì 42 ni ìbú ojú irin àtijọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà. Irin orí tábìlì tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 16.5 bá a mu bí ọkọ̀ bá jẹ́ ìdá kan nínú 64, ọ̀nà yìí sì ni àwọn kan ní New Zealand àti ní Queensland, tí irin wọn jẹ́ ínǹṣì 42 bíi tiwa, ń gbà ṣe tiwọn. Irin mìlímítà 16.5 kan náà, bí ọkọ̀ bá jẹ́ ìdá kan nínú 87, bá ojú irin fífẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2021 mu. Rélùwéè Èkó méjèèjì, ti 1901 àti ti 2021, lè tipa báyìí wà lórí irin kan náà. Kí ni ó wá kù tí ó jẹ́ àjèjì?

Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ àti ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Àìsàn kan náà ni ó ń ṣe ìwéwèé ẹ̀kọ́ tí wọ́n di kókó mẹ́wàá sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 40. Oríta pọ̀, ibi ìdúró kò sí. Ẹ̀kọ́ ń yí po, ọmọ kò dé ibì kankan. Ẹni tí ó bá kọ́ láti béèrè ohun tí irin kọ̀ọ̀kan wà fún kí ó tó fà á sórí ìwé, yóò mọ bí a ṣe ń béèrè ohun tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan wà fún kí ó tó sọ ọ́ níwájú ọmọ. Àìtó àyè kò pa ọgbọ́n rí. Àìmọ ìdí ohun tí à ń ṣe ni ó ń pa á. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ jiyàn, kí ó wá ilé ìṣáná 8, kí ó fa irin 3, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò.