Oòrùn kì í gba owó: ẹ yé da kpayo sí iyẹ̀ igi tútù!

Ẹ̀yin ará wa ní Àjàṣẹ́, ní Sàkété, ní Pọ̀bẹ̀, ní Kétu, àti ẹ̀yin tí ẹ wà lódìkejì ẹnubodè ní Bàdágírì, ọ̀rọ̀ ẹja yíyan la bá wá. Bí òjò bá ti dé báyìí, iyẹ̀ igi tí à ń rà níbi tí wọ́n ti ń la pákó á rin gbìndìn. Iná ò ní jó dáadáa, ààrò á kú lóru, ẹja á máa jẹrà lórí rẹ̀. Kí làwọn kan wá ń ṣe? Wọ́n ń da kpayo sí i. Àwọn mìíràn ń ju ọ̀rá àti táyà sí i. Àwa tí à ń yan ẹja, tí à ń tà á, tí a sì ń jẹ ẹ́, a ní rárá!

Kpayo tó ń gba ẹnubodè wá nínú kẹ́ẹ̀gì, ọkọ̀ àti zémìjàn ló wà fún, kì í ṣe oúnjẹ. Èéfín rẹ̀ ń wọ inú ẹja, ó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró ìyá tó ń yan án àti ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn. Oró kan wà nínú irú èéfín bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní benzo(a)pyrene, ó ń fa jẹjẹrẹ. Láti oṣù kẹsàn-án 2014, Ìṣọ̀kan Yúróòpù sọ pé kò gbọdọ̀ ju máíkírógíráàmù 2 lọ nínú kílò kan ẹja yíyan. 5 ni tẹ́lẹ̀. Àwọn ń fi máíkírógíráàmù wọn tiwọn, àwa ń da epo sí tiwa!

Wọ́n á ní, "Iyẹ̀ tútù ló ń mú èéfín pọ̀, èéfín ló sì ń pọ́n ẹja." Irọ́ ni. Oru omi ló pọ̀ jù nínú funfun tó ń rú yẹn. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lè jẹ́ omi. Iná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lé omi náà jáde kí igi tó jó. Ooru tó yẹ kó gbẹ ẹja ló fi ń gbẹ iyẹ̀. Ẹja á sè dípò kó gbẹ, á korò, kò sì ní pẹ́ tó fi máa hu. Ta ni yóò rà á ní ọjà Wàǹdó?

Wọ́n á tún ní, "Kò sí àyè." Àyè wo? Ẹ sá iyẹ̀ sórí tàpólì, kó má ga ju ìka méjì lọ, kí ẹ máa tú u. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un. Bó bá dì bí ẹ̀bà, omi ṣì wà níbẹ̀. Bó bá tú ká bí gààrí, ó ti gbẹ. Bí oòrùn ò bá yọ, tí ẹja bá ti kúrò lórí iná, ẹ gbé iyẹ̀ ọ̀la sínú páànù lẹ́bàá ààrò tó ṣì gbóná, kó má kan ẹyín iná. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa bù ú sí i, torí òkìtì rẹ̀ ń pa iná. Èyí tó ti ara pákó tí wọ́n kùn lọ́dà tàbí tí wọ́n fi oògùn kòkòrò sí wá, ẹ má fi yan ẹja rárá, ì báà gbẹ.

Ààrò Chorkor tí wọ́n ṣe ní Ghana dára, kì í jẹ igi púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ààrò tó lè sọ iyẹ̀ tútù di gbígbẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta iyẹ̀, owó igi la san, a ò san owó omi. Ẹ wá nǹkan bò ó! Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ tú àpò wò kí ẹ tó sanwó. Bí gbogbo wa bá kọ iyẹ̀ tútù fún ọ̀sẹ̀ kan péré, wọ́n á ra tàpólì.