Kí Ọmọ Tuntun Tọ̀ Kó Tó Kúrò Lọ́sibítù

Kíndìnrín ọmọ ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó bí i. Ìtọ̀ rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú omi tó yí i ká nínú oyún. Bí wọ́n bá bí i tán, ó yẹ kó tọ̀ láàárín wákàtí 24. Bó bá pé wákàtí 48 tí aṣọ ìdí rẹ̀ ṣì gbẹ, ọ̀rọ̀ ti di ti dókítà. Ọmọ tó wọn kílò 3, tí ìtọ̀ rẹ̀ kò tó mílílítà 3 ní wákàtí kan, ìyẹn ṣíbí ìpotíì tí kò kún, ó lè jẹ́ pé kíndìnrín rẹ̀ ti ń dáṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ tó pẹ́ kó tó ké, tí àrùn gba ojú ìwọ́ wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tàbí tí kò rí ọmú mu tó, ló sábà máa ń kó sínú ewu yìí. Tàwọn ọkùnrin tún yàtọ̀: awọ kan lè dí ojú ọ̀nà ìtọ̀ wọn láti inú oyún. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í tọ̀ kó ta jìnnà, ńṣe ni yóò máa kán tó-tó, ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ yóò sì le. Ìyá àgbà lè tètè rí i, ṣùgbọ́n àgbo ni yóò kọ́kọ́ wá.

Ibi tọ́rọ̀ ti dunni jù ni ohun tí àgbà fọwọ́ ara wọn rọ sọ́mọ lẹ́nu. Lọ́dún 2008, kẹ́míkà olóró tó ń jẹ́ diethylene glycol wọ inú òògùn eyín híhù kan ní Nàìjíríà, My Pikin. Àwọn ọmọ tó mu ún kò rí ìtọ̀ tọ̀ mọ́. 84 ló kú. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn àti Jos lọ́dún 1990, ó sì tún ṣẹlẹ̀ ní Gámbíà lọ́dún 2022. Òògùn inú ìgò ni gbogbo ìwọ̀nyí o, áńbọ̀sìbọ́sí àgbo tí ẹnikẹ́ni kò wọn.

Ìtọ́jú wà. Dókítà yóò dá omi ara padà, yóò pa àrùn inú ẹ̀jẹ̀, yóò sì dá òògùn tó ń ni kíndìnrín lára dúró. Rọ́bà tín-ín-rín ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi fa ìtọ̀ ọmọ tí awọ dí lọ́nà, kí wọ́n tó gé awọ náà. Bí kíndìnrín bá kọ̀ jálẹ̀, wọ́n á da omi sínú ikùn ọmọ kó fa ìdọ̀tí ẹ̀jẹ̀ mọ́ra, wọ́n á sì fà á jáde. Wọ́n ti ń ṣe èyí fọ́mọdé ní UCH Ìbàdàn.

Fún ará Ìjurìn, Ìjerò, Aràmọkọ àti Ẹ̀fọ̀n ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, ọsibítù ńlá ti Ìdó-Èkìtì àti ti Adó-Èkìtì ló wà nítòsí. Kí nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí kọ wákàtí tí ọmọ kọ́kọ́ tọ̀ sínú káàdì rẹ̀, kó tó jẹ́ kí ìyá gbé e lọ sílé.