Ẹ Jẹ́ Kí Omi Sinmi, Ṣùgbọ́n Kí Ọkọ̀ Ńlá Kọ́kọ́ Dúró

 

Ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n máa ti omi fún oṣù kan lọ́dún, kí ẹnikẹ́ni má pẹja, ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ìsọ̀. Àwọn kan ní ebi ni wọ́n fẹ́ fi pa wá. Mi ò gbà. Ẹja tí kò tó ìka ọwọ́ ni wọ́n ń kó wá báyìí, àwa náà ń rà á, a ń yan án. Èyí tí kò yé ẹyin rí la gbé ka iná! Kí la fẹ́ tà lẹ́yìn ọ̀la? Mi ò sọ̀rọ̀ edé o, tàbí ẹja tí kì í jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ẹja ńlá ni mò ń wí, ẹ sì mọ̀ ọ́n.

Ẹ wo Ghana. Ní 2018 ìjọba fẹ́ ti òkun fún ọlọ́kọ̀ onígi, apẹja yarí, wọ́n sún un síwájú. Ní 2019 wọ́n tì í, láti 15 oṣù karùn-ún sí 15 oṣù kẹfà. Kí ló bí apẹja nínú? Ọkọ̀ ńlá tó ń fi àwọ̀n wọ́ ìsàlẹ̀ òkun ló ń kó ẹja kéékèèké tó yẹ kó jẹ́ tiwọn, á dì í bíi búlọ́ọ̀kù, á tún tà á fún wọn lójú omi. Sáíkò ni wọ́n ń pè é. Òfin kò gbà á, síbẹ̀ ẹgbẹ́ EJF àti Hen Mpoano ṣírò pé nǹkan bí 100,000 tọ́ọ̀nù ló gba ọ̀nà yẹn wọlé ní 2017 nìkan. Ní 2025 wọ́n yọ ọlọ́kọ̀ onígi kúrò nínú títì náà. Inú apẹja dùn, ṣùgbọ́n ọmọ ẹja kò mọ àwọ̀n ẹni tó pa á.

Lọ́dọ̀ tiwa, òfin ní kí ọkọ̀ ńlá má wọ́ àwọ̀n láàárín máìlì òkun 5 sí etíkun. Ẹ bi apẹja yín bóyá wọ́n ń pa á mọ́.

Torí náà, tí wọ́n bá fẹ́ ti omi, ká fọwọ́ sí i, ká sì sọ tiwa. Kí ọkọ̀ ńlá kọ́kọ́ dúró, kí tiwọn sì pẹ́ jù. Kó jẹ́ oṣù tí ẹja ń yé. Kí wọ́n sọ ọjọ́ rẹ̀ kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀, torí àwa là ń fowó epo àti owó àwọ̀n sílẹ̀ fún apẹja. Omi lè sinmi, ẹni tó ń gba ẹ̀yáwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kì í sinmi! Tí ìrànwọ́ bá sì wà, kí wọ́n ka obìnrin tó ń yan ẹja mọ́ apẹja.

Ẹ máa ní tí a ò bá ra ẹja wẹ́wẹ́, ọjà kejì á rà á. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí àwọn ìyálọ́jà ránṣẹ́ síra wọn, láti Mákòókò dé Ẹ̀pẹ́, kí gbogbo ìsọ̀ panu pọ̀ kí ìjọba tó sọ̀rọ̀ rárá. Ẹ gbé e wá sí ìpàdé tó ń bọ̀.