Idán Ni, Kì Í Ṣe Ohun Ìṣeré Ọmọdé

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ kan wò. Bí òṣèré bá ń mú ère rìn, tí ó ń mú un sọ̀rọ̀ lórí ìtàgé, ọmọlangidi ni a sábà máa ń pè é. Ohun ìṣeré ọmọdé sì ni ọmọlangidi. Orúkọ yìí wà lára ohun tó ń mú kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé eré ọmọdé ni iṣẹ́ náà, pé òyìnbó ló kó o dé. Èmi kò fara mọ́ ọn.

Orúkọ tí àwọn eégún aláré fún iṣẹ́ yìí ni idán. Ìdí nìyí tí a fi ń pè wọ́n ní apidán. Ní ọdún 1826, Clapperton àti Lander wo eré wọn ní Ọ̀yọ́ Ilé. Òjòlá kan yọ jáde láti inú àpò, ó ń lanu, ó ń panu dé. Aṣọ ni, ènìyàn ló wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òyìnbó kan yọ, ó ń fa aṣáà símú, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń rọra tẹlẹ̀ bí ẹni tí kò rin ilẹ̀ lásán rí. Òyìnbó tó wá wòran rí ara rẹ̀ nínú eré! Aṣọ àti àpò ni wọ́n fi sọ̀rọ̀, kì í ṣe ìwé.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ńkọ́? Agbẹ́gilére a máa gbẹ́ ère mìíràn lé orí ìbòjú. Bí oníjó ti ń jó, a máa fa okùn, ère náà a sì máa mira bí alààyè. Ní ọdún 2008, àjọ UNESCO kọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sínú ìwé àṣà ìran ènìyàn.

Ẹ wá wo ti òde òní. Ní ọdún 2007, ẹgbẹ́ Handspring ti Cape Town gbé ẹṣin kan jáde nínú eré War Horse ní Lọ́ńdọ̀nù. Pankẹ́rẹ́ wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ènìyàn mẹ́ta ló ń darí rẹ̀, àwọn òǹwòran sì ń rí wọn kedere. Síbẹ̀, bí ẹṣin náà bá ti mí, a gbàgbé wọn. Ní tiwa, a kì í fojú rí ẹni tó wà nínú ẹ̀kú. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni: òṣèré yọ̀ǹda ara rẹ̀ kí ohun èlò lè di alààyè.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń fọwọ́ ara yín hun eré láìsí ìwé, ẹ má fi ohun èlò kẹ́yìn. Bí a bá parí ọ̀rọ̀ tán kí a tó wá agbọ̀n àti garawa, ẹ̀ṣọ́ lásán ni wọn yóò jẹ́. Ẹ gbé wọn sáàárín lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ wo ohun tí wọ́n lè dà.

Ẹlòmíràn yóò ní awo wà nínú eégún. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí awo máa jẹ́ awo. Ìmọ̀ ọwọ́ ni mo ní kí a kọ́. Agbẹ́gilére tó mọ ibi tí okùn ń gbà kọjá nínú igi, bí ó bá lọ láìní ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, ta ni yóò fi hàn wá? Kí ẹ tó wá idán lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ẹ kọ́kọ́ bi í ní Kétu àti Ìmẹ̀kọ.