Ọwọ́ Tó Ń Yí Táyà Kò Lè Dá LSD Lẹ́jọ́

Bí ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rìn, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi ka òfin yìí sí yín létí: ẹ fi jáàkì gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, ẹ fọwọ́ yí táyà kan. Bí èkejì bá bá a yí síbì kan náà, LSD (limited-slip differential, dífírẹ́ńṣà tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan máa yí lásán) inú rẹ̀ dára. Bó bá yí sí òdìkejì, LSD ti kú, ẹ lọ ra ẹ̀yìn mìíràn. Mẹkáníìkì gbà á gbọ́, oníbàárà gbà á gbọ́, ẹni tó ń ta ọkọ̀ sì mọ̀ pé wọ́n gbà á gbọ́. Èmi kò gbà. Ìdánwò yìí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá LSD ń kú lọ, owó tó sì ń bá a lọ ti pọ̀ jù fún wa láti dákẹ́.

Kí ni ọwọ́ yẹn ń ṣe gan-an? Dífírẹ́ńṣà ló ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, tó sì ń jẹ́ kí èyí tó wà lóde kọ́nà yára ju èyí tó wà nínú lọ. Dífírẹ́ńṣà lásán kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí ẹsẹ̀ kan bá bọ́ sínú ẹrẹ̀, òun nìkan ni yóò máa yí lásán, ọkọ̀ kò sì ní kúrò lójú kan. LSD ni wọ́n ṣe láti dènà èyí. Nígbà tí ọkọ̀ bá wà lórí jáàkì, tí jíà sì wà ní níútà, táyà kejì yóò tẹ̀lé ti àkọ́kọ́ bí ìdìmú inú dífírẹ́ńṣà bá ju ìnira tó wà lára ṣáfúù àti jíà lọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bíréèkì tó ń há díẹ̀ lẹ́sẹ̀ kejì, epo jíà tó ki nítorí òtútù, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè yí ìdáhùn padà, kí ohunkóhun má sì ṣe LSD.

LSD pàápàá kì í ṣe oríṣi kan. Traction-Lok tí Ford fi sínú ọ̀pọ̀ Mustang, àwo pẹlẹbẹ bíi ti kílọ́ọ̀ṣì ló wà nínú rẹ̀, sípíríìnì ló ń tẹ̀ wọ́n mọ́ra. Torsen, tí Vernon Gleasman gba ẹ̀tọ́ ìdásílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1958, kò ní àwo kankan. Eyín jíà tó wọnú ara wọn ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: agbára tí ẹsẹ̀ tó ń yọ̀ bá ṣì rí dì mú ni Torsen ń sọ di ìlọ́po fún ẹsẹ̀ kejì. Ẹsẹ̀ tó wà lófurufú kò rí nǹkan kan dì mú, kí wá ni Torsen fẹ́ sọ di ìlọ́po? Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn tó ń wa HMMWV, ọkọ̀ àwọn sójà Amẹ́ríkà tó ń lo Torsen, láti rọra tẹ bíréèkì bí wọ́n ṣe ń tẹ iná nígbà tí ẹsẹ̀ kan bá fò sókè. Bíréèkì yẹn ló ń fún ẹsẹ̀ náà ní ohun tí yóò dì mú. Oríṣi kẹta ni viscous, tó ń lo òróró silikóònì. Àfi bí ẹsẹ̀ kan bá yára gan-an ju èkejì lọ kó tó dì, ọwọ́ èèyàn kò sì lè yára tó bẹ́ẹ̀. Mazda MX-5 ọdún ìbẹ̀rẹ̀, tó ní ẹ́ńjìnnì 1.6, viscous ni LSD rẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì 1.8 dé fún ọdún 1994, Torsen ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá fi òfin kan ṣoṣo dán méjèèjì wò, àfọ̀ṣẹ ló ń ṣe.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé dífírẹ́ńṣà tí wọ́n ti jó eyín inú rẹ̀ pọ̀ máa ń yege nínú ìdánwò yìí ju èyíkéyìí lọ. Táyà méjèèjì yóò yí pọ̀ láìyẹ̀. Olówó yóò san owó LSD, yóò wá gbé ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ ń ha ilẹ̀ ní gbogbo kọ́nà lọ sílé.

Ìgbàgbọ́ kejì bá a tan: pé bí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá ń gbọ̀n, tó ń ké ní kọ́nà tóóró, LSD ti parí. Lára LSD aláwo, epo ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Àwo tí epo rẹ̀ ti gbó, tàbí tí wọn kò bu èròjà amúyọ̀ rẹ̀ (friction modifier) sí i, máa ń dì mọ́ra, ó ń já, ó tún ń dì. Ìyẹn ni gbígbọ̀n náà. Ẹ da epo náà nù, ẹ bu èyí tí ìwé ọkọ̀ dárúkọ sí i pẹ̀lú èròjà rẹ̀ (ó tó ìwọ̀n 118 mililítà fún ọ̀pọ̀ Traction-Lok), kí ẹ wá rọra wa ọkọ̀ yípo bí àmì 8 ní pápá gbalasa, kí epo lè wọ àárín àwọn àwo. Bí ariwo bá lọ, àwo kò ṣe nǹkan kan. Ẹ má bu èròjà náà jù o, nítorí yóò mú kí àwo máa yọ̀.

LSD aláwo tó ti jẹ tán kì í pariwo. Ńṣe ló ń dákẹ́, tó ń di dífírẹ́ńṣà lásán díẹ̀díẹ̀. Ariwo híhu ní ojú ọ̀nà gbọọrọ, tó ń yí padà bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ọ̀rọ̀ bíárìn tàbí eyín jíà ńlá inú dífírẹ́ńṣà ni.

Báwo ló ṣe yẹ kí wọ́n yẹ aláwo wò? Ẹ fi òkúta há àwọn táyà iwájú, ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ṣoṣo sókè, kí èkejì wà nílẹ̀, jíà ní níútà, kí ẹ tú bíréèkì ọwọ́. Ẹ wá fi sípánà tó ń ka agbára yí ẹsẹ̀ tó wà lókè. Ìwé Ford fún Traction-Lok ní kí agbára tó ń mú un yí lọ, lẹ́yìn tó bá ti já, má dín sí 20 lb-ft, ìyẹn 27 Nm. Bó bá dín, àwo ti jẹ. Ẹ má ṣe tan ẹ́ńjìnnì kí ẹ fi jíà sí i nígbà tí ẹsẹ̀ kan bá wà lókè báyìí. LSD tó dára yóò gbé agbára fún ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀, ọkọ̀ yóò sì fò kúrò lórí jáàkì lu ẹni tó wà nítòsí. Fún Torsen àti viscous, ojú ọ̀nà ni ibi àyẹ̀wò: ẹsẹ̀ kan lórí ọ̀dà, èkejì lórí koríko tútù, kí ẹ tẹ iná pẹ̀lẹ́. Ẹ wo táyà náà pẹ̀lú. Táyà ẹ̀yìn méjì tí kò ga bákan náà ń mú LSD ṣiṣẹ́ láìsinmi, ó sì ń jẹ ẹ́ run.

Bí àwo bá ti jẹ lóòótọ́, àwo ni kí ẹ pààrọ̀. Wọ́n ń ta ti Traction-Lok lọ́tọ̀, kò sí ìdí láti ra odindi ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìtàn rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí mẹkáníìkì sọ irú LSD tó wà níbẹ̀ fún yín, kó sì sọ ohun tó fi dán an wò. Bí kò bá lè sọ méjèèjì, kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò.